Abẹ́rẹ́ Kejì

Ọkùnrin kan ń ta oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Kò kọ́ṣẹ́ oògùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Ṣé kí n sọ bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe rí? Aṣọ ìnura kan ṣoṣo ló fi ń nu ọwọ́, òun náà ló fi ń nu tábìlì, òun náà ló fi ń nu ìdí ọmọ tó bá fẹ́ gún. Ìgbẹ́ aláǹgbá wà nínú páálí abẹ́rẹ́. Oògùn alágbára kan, ìyẹ̀fun funfun inú ìgò kékeré, ló ń pò fún gbogbo ọmọ: ì báà jẹ́ ibà, ì báà jẹ́ ikọ́, ì báà jẹ́ inú rírun.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ránṣọ sáré dé. "Dókítà, láti ìgbà tí ẹ ti gún ọmọ mi, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tí irin dípẹtà sí. Ẹyinjú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá oníránṣọ! Ibà ló ń jáde yẹn. Àbí ẹ fẹ́ kó gba ojú fèrèsé jáde ni?"

Obìnrin náà dúpẹ́. Ó tún dúpẹ́! Ilé ìwòsàn ló padà gba ọmọ náà là. Wọ́n ní oògùn náà ló mú kí ara rẹ̀ máa pa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Dókítà gbọ́, ó pòṣé, ó sì ń gún ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara àbíkẹ́yìn tirẹ̀ gbóná. Ó gún un. Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ dúdú wà nínú póò. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta.

"Ibà ló ń jáde," ni ó wí. Irọ́ ti mọ́ ahọ́n rẹ̀ lára.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọmọ náà kò tọ̀ mọ́ rárá. Ojú rẹ̀ wú. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, oníṣègùn sì béèrè pé, "Bàbá, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ kankan nílé?"

"Rárá o. Omi lásán ni mo fún un."

Ọmọ bíbí inú rẹ̀ la ń sọ o! Kíndìnrín ọmọ ti daṣẹ́ sílẹ̀, bàbá ń ṣọ́ orúkọ. Ó kó mi nírìíra bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìyá oníránṣọ ti wá kí wọn. Ó jókòó ti bàbá ọmọ náà, ó wo póò tó gbẹ, ó wo ojú rẹ̀.

"Dókítà, ibà náà ò tíì jáde tán ni?"

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti póò náà sábẹ́ ibùsùn.

"Mo ti dárí jì yín, torí Jésù dárí jì mí. Kì í ṣe èmi lẹ ó jẹ́wọ́ fún. Ẹ sọ fún Un. Kí ẹ sì sọ fún àwọn oníṣègùn."

Nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Kòkòrò ni wọ́n rò pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n sì ti po oògùn tó máa pa kòkòrò náà. Ọkùnrin náà rí ìgò náà. Ìgò kékeré. Ìyẹ̀fun funfun ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ku ìbú ìka kan kó kan ara ọmọ náà.

"Ẹ dúró!" Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Oògùn yẹn gan-an ni mo gún fún un. Irọ́ ni mo pa. Mo ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ̀, mi ò jáwọ́. Jésù, ìdọ̀tí ni mí, wẹ̀ mí!"

Nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi bá ọmọ náà fọ ẹ̀jẹ̀ kó tó tọ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ohun tó ṣe fún àwọn ìyá. Ọ̀kan tutọ́ sí i lójú. Ó nù ún, ó sì lọ sí ilé tó kàn. Ike àti korobá ló ń tà báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Dókítà, kì í dáhùn.

Ìwọ tó di ìwé yìí mú, àwọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti dúdú, o sì ń sọ fún ara rẹ pé ibà ló ń jáde. Jésù, Oníṣègùn ńlá náà, ti mọ ohun tí o ṣe. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o bò mọ́lẹ̀ ti po abẹ́rẹ́ kejì tí yóò pa ọ́. Ó ku ìbú ìka kan. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sọ̀rọ̀.