Korkoi Ní Kí N Tún Un Kọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Elikem kọ ìròyìn àkọ́kọ́ rẹ̀ kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Accra nígbà tí wọ́n rán an lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan ní Bukom. Èmi ni mò ń yẹ ìròyìn eré ìdárayá wò kó tó di títẹ̀. Ó gbé ìwé náà síwájú mi, ó sì dúró gbagidi bí ọmọ tó wá gba èsì ìdánwò.

"Ta ló borí?" Mo bi í.

"Ó wà nísàlẹ̀, màdáámù."

"Ẹni tó ń jẹ kẹ́ńkẹ́ lọ́wọ́ kò ráyè wá a dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó o kọ́kọ́ sọ, kí ìyókù wà nísàlẹ̀. Tún un kọ."

Ó lọ, ó padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fi ìyìn àti ewì kún un.

"Ṣé abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò lò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ni àbí ìyàwó tuntun? Tún un kọ."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó dé, ó gbé kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín dání pẹ̀lú ìwé náà. "Ẹni tó borí ti wà lókè," ó wí, ó sì na ìka sí àyà ara rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀ ló dúró yìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó mi wọ gbèsè ìfẹ́.

Awo, ìyá mi, kò fẹ́ gbọ́. "Ọmọ ẹ̀yà Ewe? Ṣé àwọn ọmọkùnrin Ga tiwa ti tán ní Accra ni?"

"Awo, wọn ò tán. Èmi ni mi ò fẹ́ wọn."

"Ó dáa. Tójú ẹ bá já a, má wá sunkún sí mi létí o."

Ibi tá a bá a dé nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fi wá já a gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kó máa ṣe ètò eré ìdárayá ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Èmi gan-an ni mo ní kó lọ, nítorí ohùn rẹ̀ dára ju ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lọ. Àṣé wọ́n á fi Araba jókòó tì í.

Ọmọ Fante ni Araba. Ó pupa, ó lẹ́yinjú, ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jìn débi pé omi lè dúró níbẹ̀. Mi ò bá a jà rí, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ni àyà mi ti ń ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó wà lára ògiri, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kì í fọhùn. Olóòtú wa ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ tipẹ́tipẹ́, torí èèyàn ò lè máa kọ ìròyìn kí ẹlòmíì máa pariwo sí i létí. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ló sì ń ká wa mọ́ jù, torí ojú ewé eré ìdárayá gbọ́dọ̀ parí. Ẹnu Elikem ni mò ń rí. Mi ò gbọ́ ohun tó ń tibẹ̀ jáde.

Gbogbo ìgbà tí ètò bá ti fẹ́ parí, Elikem á gbé ọwọ́ lé àyà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sọ nǹkan kan. Araba á sì da orí sẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ kàn án léjìká. Kí ló ń sọ fún un? Owú gbà mí lọ́kàn. Mo fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà já ìwé lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, Elikem bi mí pé, "Ṣó o wo ètò wa?"

"Mo wò ó."

"Ìparí ńkọ́? Ṣó dùn mọ́ ẹ?"

"Ó dùn mọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é."

Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Tó ò bá fẹ́, màá jáwọ́."

"Máa ṣe é lọ. Ṣebí ojú gbogbo ayé lẹ ti ń ṣe é!"

Kò pẹ́ sí i, àwọn èèyàn àdúgbò tó mọ̀ mí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láàárín ìgboro. Awakọ̀ á yọrí jáde, "Korkoi, tún un kọ!" Ọmọ ilé ìwé, "Antí, tún un kọ!" Wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìtàn èmi àti Elikem ti di àwàdà lẹ́nu wọn, pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó ti tún èmi gan-an kọ, ó pa orúkọ mi rẹ́, ó fi Araba sí i.

Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ẹbí rẹ̀ máa wá kan ilẹ̀kùn nílé wa, pẹ̀lú ọtí, láti tọrọ mi. Mo ti pinnu: bí àwọn ará ilé wa bá bi mí bóyá kí wọ́n gba ọtí náà, màá ní rárá.

Ní Mọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀, mi ò lè jókòó wo ọwọ́ lórí àyà yẹn mọ́. Kí ètò tó parí, mo gbé báàgì mi, mo gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn kí n lè ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Níwájú ìsọ̀ kẹ́ńkẹ́ Antí Momo, èrò ti dí ọ̀nà. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí àpótí, ohùn rẹ̀ ń dún gbòò. Elikem gbé ọwọ́ lé àyà.

"Bí mo bá ti ṣi nǹkan kan sọ, ẹ má bínú," ó wí. "Korkoi mi wà nídìí ìwé ìròyìn, ó ń wò mí. Korkoi á ní..."

"Kí n tún un kọ!" Gbogbo èrò hó yèè. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Araba da orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohùn kan ló ròkè ju gbogbo wọn lọ. Mo wò yíká. Awo ni, ó di kẹ́ńkẹ́ mú lọ́wọ́, ó ń jù ú sókè.

"Awo!"

"Kí ló dé tó o fi ń wò mí báyìí? Ṣé ẹ kì í gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì yín ni? Ọmọ dáadáa ni, ìyẹn fún ọmọ Ewe o."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sunkún, mo sì jẹ kẹ́ńkẹ́ Awo tán.

Nígbà tó di Sátidé, ẹbí Elikem kún iwájú ilé wa. Araba wà láàárín wọn. Ó rẹwà ju bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń fi í hàn lọ, inú sì bí mi díẹ̀.

Ataa Kpakpo, àgbà ilé wa, gbé ọtí náà sókè. "Korkoi, ṣé ká gbà á lọ́wọ́ wọn?"

"Kí Elikem fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá wá."

Elikem dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀, inú wa dùn láti..."

"Tún un kọ."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ataa Kpakpo bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Elikem tún bẹ̀rẹ̀, ó ń yin ojú mi, ó ń yin ìdílé mi, ó dé orí àwọn baba ńlá mi.

"Tún un kọ."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tún ọrùn ẹ̀wù ṣe. Ó kàn wò mí.

"Korkoi, ìwọ ni mo fẹ́. Ìyókù wà nísàlẹ̀."

"Ẹ gba ọtí yẹn," ni mo wí.

Kí ọdún tó yí po, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n míì gba Araba, àwọn ọ̀gá Elikem sì ní kí n wá jókòó sáyè Araba. Elikem náà ní òun fẹ́ padà sídìí ìwé ìròyìn, òun fẹ́ kọ ìwé tó máa pẹ́. Ọkùnrin Kumasi kan tó ga, tó sì mọ ẹ̀rín rín, ni wọ́n fi jókòó tì mí. Elikem ní òun ò jowú rárá. Àmọ́ wọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tó padà sí ọ́fíìsì, kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó gun àga lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri yẹn, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá.