Òkúta Lábẹ́ Táyà Bẹ́ńsì

Gbàù! Gbàù!

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Ìsinmi ni o, ní Kemta! Theophilus, ọlọ́dẹ Mama Harriet, ṣubú sẹ́nu géètì, ẹ̀jẹ̀ ń tú láyà rẹ̀.

Jẹ́dì fò ó kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Ògbójú ọlọ́ṣà Owódé ni. Ìfúnpá ayẹta wà lápá rẹ̀, ìbọn kì í ràn án. Máyọ̀wá, dírẹ́bà rẹ̀, tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, wo nǹkan!"

Bẹ́ńsì àtijọ́! Ó dúdú, ó ń dán! Látìgbà tí ọkọ Mama ti kú ni wọ́n ti tì í mọ́ gáréèjì, ó lé lógún ọdún. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, tí mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, tí fọ́tò rẹ̀ sì gba orí fóònù gbogbo ayé kan.

Òkúta ńláńlá ni wọ́n fi há táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jẹ́dì gbá wọn dànù.

Mama tiro jáde. Orúnkún ni kò jẹ́ kó lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́, ọkọ̀ yẹn..."

Gbọ̀ọ́! Ìdí ìbọn Jẹ́dì bà á lẹ́nu. Eyín kan fò yọ.

"Ìyá yìí, panu mọ́! Wọ ẹ̀yìn mọ́tò! Ká wo bí Kọ́láwọlé ṣe máa yìnbọn lu ìyá ẹ̀!"

Kọ́láwọlé, olórí fijilanté Kemta, ti gbọ́ ìró ìbọn láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gun ọ̀kadà, ìbọn lọ́rùn. Prrrrr!

Ó bá Bẹ́ńsì tí Máyọ̀wá ń wà lọ lójú ọ̀nà, ó rí orí ìyá rẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀. Kò lè yìn ín!

Bẹ́ńsì ń gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó falẹ̀. Mama ṣílẹ̀kùn, ó ju ara rẹ̀ sí koríko!

Ojú Kọ́láwọlé pọ́n. Gbàmù! Gbàmù! Ọta tó bá Jẹ́dì láyà já bọ́ bí ẹ̀kúrọ́.

Jẹ́dì yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kọ́lá, òkò lò ń sọ àbí ìbọn? Lọ sinmi jàre!"

Bẹ́ńsì dé orí òkè, ó dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fùùùùm!

"Máyọ̀wá, rọra!"

"Ọ̀gá, mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"Tẹ bíréèkì, ọmọ àlè!"

"Ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀, ọ̀gá! Kò mú nǹkan kan!"

Gbàràgàdà! Àpáta ẹ̀bá ọ̀nà ló gbà wọ́n.

Síárìn wọ Máyọ̀wá láyà. Jẹ́dì gba ojú gíláàsì jáde, ọrùn ṣẹ́. Ìfúnpá ṣì wà lápá rẹ̀ digbí; ọta ni wọ́n bá a ṣe é fún, wọn ò ṣe ti àpáta.

Kọ́láwọlé gbé ìyá rẹ̀ dìde.

"Theophilus ńkọ́?"

Ó mirí. Mama tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó wo òkú Jẹ́dì nísàlẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún un, ó ní kí n panu mọ́. Ọ̀la ni mẹkáníìkì ń bọ̀ wá ṣe bíréèkì. Ta ní í fi òkúta há táyà mọ́tò tó ní bíréèkì?"