Ọjọ́ Tí Afínjú Yá Pálọ̀

Láràárọ̀, télọ̀ kan tí àdúgbò ń pè ní Afínjú yóò gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde, yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, yóò rìn yí àdúgbò ká, yóò sì gba iwájú wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ọ̀nà tòní ò rọrùn rárá," ni yóò wí fún káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra.

"Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́," ni káfíńtà yóò dáhùn. "Ilé rẹ mà jìn o."

Káfíńtà mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Láti oṣù mẹ́jọ tí onílé ti ta ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ni Afínjú, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ń sùn. Ọmọ wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ìyá wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá wà lórí àga ìdí maṣíìnì. Eruku aṣọ kò jẹ́ kí ikọ́ ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ fún Afínjú pé kò nílé, ẹ ó rí ìjà.

Nígbà tí káńsù ìlú kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé tí agbára mẹ̀kúnnù ká, pé òṣìṣẹ́ àwọn yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kọ orúkọ àwọn tí kò nílé, jìnnìjìnnì bo Afínjú. Kì í ṣe pé wọn ò ní kọ orúkọ òun ló ń bà á lẹ́rù o. Pé wọ́n lè kọ ọ́ ni!

"Ọ̀rẹ́, yá mi ní pálọ̀ rẹ," ló wí fún káfíńtà ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gbé ibẹ̀ ni. Fún wákàtí kan péré."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ má ṣe èyí," ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Òní ni wọ́n ń pa ìwé yẹn dé."

"Ṣé kí wọ́n wá kọ mí mọ́ àwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá? Èmi tí mò ń rán kóòtù fún àwọn èèyàn ńlá!"

Òṣìṣẹ́ káńsù dé, obìnrin kan tó gbé rẹ́gísítà dání. Ó bá Afínjú nínú pálọ̀ káfíńtà, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ kúulé o, sà. Ṣé ibí lẹ ń gbé?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́wàá."

"Àwọn wo ló wà nínú fọ́tò yẹn?" Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ ni, nínú aṣọ ìgbéyàwó, fọ́tò tó ga tó ilẹ̀kùn.

"Àwọn àlejò wa ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣan ọwọ́. Balùwẹ̀ dà?"

Afínjú dìde pẹ̀lú ìgboyà, ó ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó rí. Ayùn méjì, àkàbà kan àti garawa ọ̀dà ya lù ú.

"Ẹ má bínú," ló wí lábẹ́ àkàbà, "a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé balùwẹ̀ kúrò níbí ni."

Obìnrin náà fi eyín di ètè mú. "Ó dáa, sà. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa kọ. Ẹ ní ẹ nílé, mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín ò ní sí lára àwọn tí a máa fún nílé." Ó pa rẹ́gísítà dé.

Lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ ọmọdé kan dún. Ìyàwó Afínjú ló dúró síbẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé yẹn padà. Inú ṣọ́ọ̀bù la ń sùn. Ó ti sú mi! Ìtìjú bàbá rẹ̀ kọ́ ló máa wo ikọ́ ọmọ mi sàn."

Òṣìṣẹ́ náà jókòó. "Sà, ẹni tí kò nílé kì í ṣe ẹni abẹ́ afárá nìkan. Ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń sùn nínú mọ́tò, ẹni tó ń sùn nílẹ̀ pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo wọn là ń kọ. Iye tó bá wà nínú ìwé yìí ni káńsù máa wò kó tó mọ iye ilé tó máa kọ́. Tí ẹ bá fara pamọ́, wọ́n á rò pé ilé ti tó ní ìlú. A kì í gbowó, a kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Kí ilé tuntun tó parí, yàrá wà tí àwọn tó lọ́mọ lè máa gbé."

Ó ṣí rẹ́gísítà. "Mo tún béèrè, sà. Ibo lẹ ń sùn?"

Afínjú wo ilẹ̀. Ọ̀dà ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Lórí àga ni," ló wí. "Oṣù mẹ́jọ rèé." Ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, káńsù fún wọn ní yàrá kan. Ọmọ náà sùn lórí bẹ́ẹ̀dì títí oòrùn fi mú, ìyá rẹ̀ kò sì jí i.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí òṣìṣẹ́ káńsù bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ wo káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí kó lè kọ orúkọ yín. Àìnílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lè dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa. Tí wọ́n bá bi yín pé ibo lẹ ń sùn, ibi tí ẹ sùn mọ́jú òní gan-an ni kí ẹ sọ.