Ìdánwò Tí Mo Mọ̀-ọ́n-mọ̀ Kùnà

"Fèrèsé. Àgùntàn. Ìka. Bọ́tà. Òjò. Ìwé. Àtẹ̀gùn. Iyọ̀. Ọkọ̀. Òrùka." Dókítà Le Guellec, oníṣègùn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, gbé ojú kúrò lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó yá, Gurvan. Ka èyí tí o bá rántí fún mi."

Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, orí mi sì pé dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wo òkè àjà bí ẹni tí ń wá nǹkan, mo ní, "Àgùntàn... bọ́tà... ọkọ̀." Mo mi orí. "Ó tán."

"Mẹ́ta péré?"

"Mẹ́ta náà nìyẹn, Dókítà. Ẹ má bínú, èmi àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́ láti kékeré."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ mẹ́ta sílẹ̀. Ó ní kí n ka orúkọ oṣù láti Oṣù Kejìlá padà sẹ́yìn, mo fo Oṣù Kẹsàn-án, mo sì fo Oṣù Kẹrin. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró kí n sì di ojú, mo ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀mùtí. Ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní mo sùn.

Tanguy ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí. Òun ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni mo máa ń dúró sí lẹ́yìn láti dènà ilé wa. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò náà, a ń jẹun ọ̀sán nígbà tó là á yé mi.

"Kí bọ́ọ̀lù ọdún tó bẹ̀rẹ̀, wọn a dán orí rẹ wò, wọn a kọ iye tí o gbà sílẹ̀," ni ó wí. "Tí o bá wá forí gbá ẹnìkan nínú eré, wọn a tún dán an wò, wọn a fi wé ti oṣù Keje. Tó bá fi lè wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilé lo máa jókòó sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹlòmíràn á ti gba ipò rẹ."

"Kí wá ni kí n ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"Mọ̀-ọ́n-mọ̀ kùnà ti oṣù Keje, kí iye rẹ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀, ibo ló tún fẹ́ ṣubú sí?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Gbogbo wa là ń ṣe é, Gurvan. Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láì fepo bọyọ̀, òmùgọ̀ ni mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Oko àlùbọ́sà létí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní apá Bretagne ní ilẹ̀ Faransé. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá mi nìkan ló sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wú àlùbọ́sà náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi nàró mọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa. Àwa méjìdínlógún la jọ wọlé, èmi nìkan ni wọ́n fún ní ìwé àdéhùn. Ọdún kan péré ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa sọ ọ́ lójú mi pé bí mo bá di ipò mi mú títí di oṣù Karùn-ún, wọn yóò fi ọdún mẹ́ta kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ ilé. Ipò ẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń gbé mi wọ pápá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi dáa ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ: kò sí bọ́ọ̀lù òkè tí n kì í fi orí kàn. Aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ, kò mọ̀ ni. Ìyá mi kì í padà lọ sílé láti pápá láìfọwọ́ pa mí lórí.

Eré kẹwàá mi bọ́ sí oṣù Kọkànlá, òjò sì ń rọ̀. Wọ́n gbá kọ́nà wọlé, èmi àti atamátàsé wọn fò sókè pọ̀, orí mi àti orí rẹ̀ pàdé. Nígbà tí mo dìde, mo bi Tanguy pé, "Àwọn wo là ń bá gbá?"

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ó wí, ó sì dì mí lápá mú. "Tí rẹfirí bá gbọ́ ọ, o ti bọ́ sílé nìyẹn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ṣáà máa tẹ̀lé mi."

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Le Guellec ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mìíràn fún mi. Mo ti pinnu lọ́kàn pé mẹ́ta ni n óò tún pè. Mo la ẹnu, mo pe méjì, mo wá ìkẹta títí kí n tó rí i. N kò rí ìkẹrin. N kò díbọ́n lọ́jọ́ náà.

Ó fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. "Mẹ́ta ní oṣù Keje, mẹ́ta lónìí. Kò sí ìyàtọ̀. Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

Orí ń fọ́ mi débi pé iná inú yàrá ń gún mi lójú. "Rárá, Dókítà."

"Èébì ńkọ́? Òòyì kò kọ́ ọ?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, Dókítà."

"Má tan mí o, Gurvan. Ohun tí o bá sọ fún mi ni mo máa fi ṣiṣẹ́."

Mo ní n kò tàn án. Ó fọwọ́ sí i pé kí n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ sílé. Ìyá mi dín gálẹ́ẹ̀tì, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, ó fi ẹyin sí i, ó sì jókòó tì mí. Mo bi í bóyá ó ti ta àlùbọ́sà tó kù. Ó ní ó ti tà á. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, mo tún bi í. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí o máa bi mí, ọmọ mi." Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni èmi mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ló gbé mi lọ, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ wo? Pe dókítà yẹn kí o sọ fún un."

"Dókítà ti fọwọ́ sí i."

"Dókítà kò bá ọ jẹun. Èmi ni mò ń wò ọ́ yìí. Orí kan ṣoṣo ni mo bí mọ́ ọ, Gurvan."

"Tí mo bá jókòó sílé lọ́sẹ̀ yìí, ipò mi ti lọ nìyẹn."

"Kó lọ!"

Inú bí mi. Mo fi oúnjẹ náà sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán, mo wọ bọ́ọ̀sì padà. Ọ̀rọ̀ ìyá mi kò dá mi dúró, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló rí òtítọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nínú eré kọkànlá mi, aṣọ́lé àwọn tí à ń bá gbá gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá sí ọ̀dọ̀ mi. Bọ́ọ̀lù lásán ni, kò sí ẹni tó bá mi dù ú. Mo fò, mo fi orí kàn án. Wọ́n ní mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí n tó ṣubú.

Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú agbárí mi. Wọ́n là á, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, mo sì lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìmọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ òsì mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Ìyá mi ló sọ ohun tó ń lọ níta fún mi. Àwọn oníwèé ìròyìn ti dá dókítà lẹ́bi pé òun ló rán ọmọ aláìsàn wọ pápá. Ẹgbẹ́ wa ní kí ó lọ rọ́kún nílé. Àwọn kan fi ọ̀dà kọ èébú sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn sì ti pè é pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì tí mo ṣubú, Tanguy wá kí mi ní ilé ìwòsàn. Ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó jókòó.

"Wọ́n lè wá bi ọ́ ní ìbéèrè," ni ó wí. "O kò rántí nǹkan kan. Ta ló máa fi tipátipá bi ẹni tí wọ́n la orí rẹ̀?"

"Dókítà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyẹn á ríṣẹ́ mìíràn. Àwa ńkọ́? Bọ́ọ̀lù nìkan la mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo ní mo ti gbọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dákẹ́ lóòótọ́. Mo ti pàdánù tó, n kò fẹ́ kí wọ́n tún máa pè mí ní òpùrọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni Dókítà Le Guellec fúnra rẹ̀ wọlé. Ó ti rù. Kò jókòó.

"Gurvan, mo wá tọrọ ìdáríjì ni. Mo ti yẹ ìwé méjèèjì wò títí ó fi há mi lórí. N kò rí ibi tí mo ti ṣì í, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé mo gbójú fo nǹkan kan. Ìyá rẹ fún mi ní odidi ọmọ, mo sì dá a padà fún un báyìí. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹni tí mo parọ́ fún ló ń bẹ̀ mí. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì dárúkọ Tanguy.

Ó ní, "Mélòó lo rántí ní oṣù Keje?"

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ì bá ti gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní, "Oṣù méjì ni mo fi ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe sí ọmọ yìí." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ mi tó wà níta, ó sì jáde.

Ìyá mi ló bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ sí ìgbìmọ̀ náà, mo fi ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ sí i. Wọ́n dá dókítà láre, ṣùgbọ́n ó ti fi ìlú wa sílẹ̀, kò sì tọ́jú agbábọ́ọ̀lù mọ́. Tanguy kò tún wá.

Eré mọ́kànlá ni mo gbá ní ayé mi. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún báyìí. Abẹ́ ibòji ni mo ti ń bá ìyá mi ṣa àlùbọ́sà, nítorí oòrùn máa ń fọ́ mi lórí, n kò sì lè wa ọkọ̀. Bí ènìyàn bá rán mi ní iṣẹ́ mẹ́ta, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, a máa ń gbọ́ orúkọ ọmọ tó gba ipò mi lórí rédíò. Ó ń ṣe dáadáa.

Ipò tí mo tìtorí rẹ̀ parọ́ fún ẹni tó fẹ́ dáàbò bò mí, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí mo ṣubú ni wọ́n rí ẹni tó bọ́ sí i. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ipò a máa rí arọ́pò, orí kì í rí i. Bí gbogbo ẹgbẹ́ yín bá ń ṣe ohun kan tí wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín, ìyẹn kò ní kó má pa yín lára. Ẹni tó bá ń tọ́jú yín, ẹ sọ òtítọ́ fún un nígbà tí ẹ ṣì lè rántí rẹ̀.