Maṣíìnì Tí Kò Léyín

Ọwọ́ ìkọ̀wé Bọ́sẹ̀dé Akínbíyìí ló wà lára lẹ́tà tí wọ́n fi jí ẹrù obìnrin mẹ́rìnlá gbé. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà dára púpọ̀. Sájẹ́ńtì Boma pàápàá yìn ín. Ó gbé lẹ́tà náà sí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó mi orí.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Bùrọ̀dá Adétúnjí ni, sà."

"Níbo ni Bùrọ̀dá Adétúnjí ń gbé?"

Bọ́sẹ̀dé nàka sí ojú ọ̀nà.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Iṣẹ́ àánú ni, sà."

Sájẹ́ńtì wo ọlọ́pàá kejì. Ọlọ́pàá kejì wo àjà.

"Ó rí àánú gbà lóòótọ́," ni Sájẹ́ńtì wí. "Òun nìkan ló sì rí i gbà."

Oṣù Kẹfà ọdún 1966 ni. Reluwé ń kó àwọn tó sá fún wàhálà Òkè Ọya wọ Port Harcourt, wọ́n sì ń kó wọn sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Rumuola, lójú ọ̀nà Aba. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ká má parọ́, ìwé ìtàn ló rán an níṣẹ́. Gbogbo ìwé ọ̀daràn tí àwọn ọmọbìnrin ìjọ wọn ń yá ara wọn ló ti kà tán, títí kan àwọn tí ojú ewé ìgbẹ̀yìn wọn ti já dànù. Ó mọ̀ dájú pé ibi tí ìyà bá pọ̀ sí ni akọni obìnrin ti ń yọ. Ó ti ń retí kí wọ́n gbé àṣírí ńlá kan lé òun lọ́wọ́. Garawa ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Ó gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Adétúnjí dé, Bíbélì lábẹ́ abíyá, hánkáṣíìfù funfun lọ́wọ́, bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Èkó ló rán òun. Bó ti gbọ́ orúkọ Bọ́sẹ̀dé, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Akínbíyìí? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Háà, ará ilé mi rèé!"

Ó sì fi Ìjẹ̀ṣà kí i. Port Harcourt ni wọ́n bí Bọ́sẹ̀dé sí. Ìjẹ̀ṣà tó gbọ́ kò ju èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń bú u lọ, síbẹ̀ omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹni tó bá jìnnà sílé, ẹni tó bá ti fi èdè ilé kí i ti di ìbátan rẹ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú gbogbo ìwé tó ti kà, olè a máa ní àpá lójú. Ojú Adétúnjí jọ̀lọ̀.

Ẹrù ńláńlá àwọn obìnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Ìwé tí wọn yóò fi gbà á ló wà lọ́wọ́ wọn. Adétúnjí ní àwọn reluwé kò ráyè dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ lẹ́tà kan lórúkọ gbogbo yín, ẹ tẹ̀ka sí i, ẹ kó ìwé ẹrù fún mi. Ta ló mọ Gẹ̀ẹ́sì dídùn kọ? Bọ́sẹ̀dé ti gbé kálàmù.

Ó bi wọ́n léèrè ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Ibiere, opó kan tó ti Zaria wá pẹ̀lú ọmọ méjì.

"Maṣíìnì ìránṣọ," ni Ibiere wí. "Kọ ọ́ pé kò léyín. Ọkọ mi ló yọ eyín rẹ̀ tó máa ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọnà ọrùn agbádá ló fi ń ṣe."

Ọkọ náà kò bá wọn dé.

Bọ́sẹ̀dé ronú sí i. Ọ̀rọ̀ eyín kò bá ẹwà lẹ́tà náà mu rárá. Ó kọ ọ́ pé: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tó pé, tó sì dára.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adétúnjí kó gbogbo ẹrù náà. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ara Ibiere kò gbà á mọ́, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé ẹrù reluwé. Lẹ́tà ni wọ́n fi hàn án, ó sì mú un lọ bá ọlọ́pàá.

"Títí di Sátidé," ni Sájẹ́ńtì sọ fún Bọ́sẹ̀dé. "Bí mi ò bá rí ọkùnrin yẹn, ẹni tí mo rí ni màá tì mọ́lé."

Ibiere dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Kò bú u. Ohun tó sọ kò ju pé, "Sista, oúnjẹ ọmọ méjì ló wà nínú maṣíìnì yẹn." Ó yísẹ̀ padà.

Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bí ìwé ṣe kọ́ ọ. Ó mú rúlà lọ wọn ojú ẹsẹ̀ níwájú ilé ẹrù, níbi tí igba alárù ń gbà lójúmọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ẹsẹ̀ ńlá." Ó tẹ̀lé ọkùnrin onídígí dúdú kan gba òpópónà mẹ́ta, ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn òpó. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ojú ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́rú, bàbá rẹ̀ rán an lọ gba ṣòkòtò lọ́dọ̀ Àkíbù, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán kakí fún àwọn òṣìṣẹ́ etí omi. Ó bá Àkíbù níbi tó ti ń bá maṣíìnì jà.

"Ṣòkòtò bàbá mi dà, sà?"

"Bi eléyìí léèrè! Mo gbé aṣọ sí i, ojú kan náà ló ń gún bí ẹyẹ àkókó. Ẹ̀yin èèyàn, ta ló rí maṣíìnì tí kò léyín rí?"

Bọ́sẹ̀dé jókòó lójijì, orí tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ ló jókòó sí.

"Ta ló tà á fún yín?"

"Ọmọlúàbí kan ni. Ará ilé. Ó fi ẹ̀dà lẹ́tà kan hàn mí, ó ní ó pé, ó dára."

"Ẹ ò wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó rà á?"

"Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú eruku yìí? Ṣé màá tún máa yẹ ẹnu ẹrù rẹ̀ wò ni?" Àkíbù nu òógùn. "Ó tún ń bọ̀ lónìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní òun ní rédíò kan tóun fẹ́ tà."

Bọ́sẹ̀dé dìde. Nínú ìwé, akọni obìnrin a máa dojú kọ olè lóun nìkan. Àkíbù wò ó tìyanu-tìyanu.

"Sáré lọ pe ọlọ́pàá, jàre."

Nígbà tí Adétúnjí yóò fi dé, Sájẹ́ńtì ti wà lẹ́yìn àwọn kakí tí wọ́n fi kọ́, Bọ́sẹ̀dé ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ibiere tí wọ́n ránṣẹ́ pè sì ti jókòó nídìí maṣíìnì bí ìyàwó télọ̀. Adétúnjí kò dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ka, àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló wò.

"Bùrọ̀dá, maṣíìnì yín kò fa aṣọ," ni Àkíbù wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Maṣíìnì ìyá mi ni. Ogún ọdún ló fi rán aṣọ fún wa, kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí."

"Aṣọ wo?" ni Ibiere béèrè.

"Ṣòkòtò. Ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀."

Ibiere yọ irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ kúrò. Ó há aṣọ funfun kan sínú òrùka onígi, ó tì í sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí òrùka náà. Maṣíìnì tí kò ṣe nǹkan kan fún Àkíbù láti Sátidé bẹ̀rẹ̀ sí dún wìrìwìrì. Ọnà yọ lára aṣọ, ó ká, ó tún ká, bí ìkarahun ìgbín.

"Ìyá ẹ ò lè fi èyí rán ṣòkòtò," ni Ibiere wí. Kò gbójú sókè. "Ọkọ mi ló yọ eyín rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́."

Bọ́sẹ̀dé jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti há ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí fún àkókò yìí. "Bùrọ̀dá" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Adétúnjí ju Bíbélì lù ú níwájú orí, ó fò jáde. Bíbélì ṣí sílẹ̀: ìwé ẹrù mẹ́fà mìíràn ló wà láàárín rẹ̀, ti àwọn tó sá fún wàhálà tí wọ́n kó sí ibòmíràn. Ó ti ń palẹ̀ tiwọn náà mọ́.

Ó sáré gba ìsàlẹ̀ etí omi. Àkíbù ń lé e pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, Bọ́sẹ̀dé ń lé Àkíbù. Ọkọ̀ ojú omi méjì tó ń kó èrò lọ sí Abuloma ní òdìkejì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti fà. Àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ jókòó, wọ́n ń jẹ àgbàdo, wọ́n ń dúró de omi. Adétúnjí, ọmọ orí òkè, kò mọ̀ pé omi a máa lọ a sì máa bọ̀. Ó fò. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ gbé e dé orúnkún. Ó yí, ó gbé e dé itan.

"Oga, wait for water now!" ni àwọn obìnrin ń kígbe.

Sájẹ́ńtì Boma, tí wọ́n bí sẹ́bàá omi, kò sáré rárá. Ó rìn wá, ó jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó tan sìgá.

"Ẹrù dà?"

"Ẹ kọ́kọ́ fà mí jáde, sà! Ó ń gbé mi mì!"

"Omi ò ní dé fún wákàtí mẹ́rin. Mo ráyè. Ẹrù dà?"

"Yàrá kan ní Abuloma! Mẹ́tàlá yòókù pé síbẹ̀!"

"Ẹgbẹ́ Èkó ńkọ́?"

"Kò sí ẹgbẹ́ kankan, sà. Èmi nìkan ni."

"Ìwọ nìkan ni alága, ìwọ ni akápò, ìwọ ni akọ̀wé?"

Adétúnjí gbé ìka tí ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ sókè, ó nà án sí Bọ́sẹ̀dé. "Òun ni akọ̀wé."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin mẹ́rìnlá wá gba ẹrù wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀kan ṣí àpótí rẹ̀, ó fi ojú bọ inú aṣọ, kò gbé e jáde fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó kan maṣíìnì, alárù kan bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ibiere dá a dúró.

"Sista," ó wí, "ìwọ lo fi lẹ́tà gbé e lọ. Fi orí gbé e padà."

Irin ni maṣíìnì náà. Bọ́sẹ̀dé ká òṣùká, ó rù ú. Ọlọ́pàá kan tẹ̀lé wọn lẹ́yìn kí ẹrù má tún sọ nù. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà Aba fi rí ohun tó hàn kedere: ọmọbìnrin kan ru maṣíìnì, oní-nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọlọ́pàá wà lẹ́yìn.

"Tif! Una don catch am!"

"Wo ojú rẹ̀ bí ọmọ gidi!"

"I no be tif!" ni Bọ́sẹ̀dé ń pariwo. "Na me catch the tif!"

"Na so all of dem dey talk!"

Gbólóhùn kan péré láti ẹnu Ibiere ì bá pa gbogbo ariwo náà. Kò sọ ọ́. Ó pa ẹnu mọ́ pinpin títí wọ́n fi rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ibẹ̀ ni ejìká rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó di ikùn mú, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sáré jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọn kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti Zaria.

Ọrùn Bọ́sẹ̀dé ti fẹ́ wọnú àyà. Ó dúró lábẹ́ irin, ó ń retí kí ẹ̀rín náà tán kí ẹnì kan sọ ẹrù fún òun. Kò yára tán. Kò sì wù ú kó tán.