Ọkùnrin Tó Pín Píà

Inú oko bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí An. Oṣù Kejìlá ni, àsìkò tí gbogbo Dongshi, ìlú wa, máa ń wà lórí àkàbà nídìí igi píà. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni àwọn méjèèjì wọ̀, wọ́n sì so táì mọ́ ọn. Ó ní kí bàbá mi jọ̀ọ́, kí ó fún àwọn níṣẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá mi wò ó láti òkè. "Ẹni tó bá so okùn mọ́ ọrùn kì í gun igi mi."

An tú táì náà, ó ká a, ó fi sápò. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn: kò jiyàn.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ. A máa ń gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ní ìrudi lórí, èyí tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òtútù, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ẹ̀ka igi tiwa, a ó sì fi ọ̀rá dì í pinpin. Bí òjò bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ti ṣòfò. Ó ba púpọ̀ jẹ́ kí ó tó ṣe ọ̀kan tó dára. Nígbà tí a sinmi, mo rí i tó ń ṣa àwọn tó bà jẹ́ nílẹ̀, tó ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá ọ̀kan ṣì wúlò. Èmi náà kórìíra òfò. Mo lọ bá a ṣà á.

Ìjọ rẹ̀ ló rán an wá láti Fínláǹdì láti wàásù fún ọdún méjì. An ni orúkọ tí wọ́n fún un níbí, nítorí kò sí ẹni tó lè pe ti ilé rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán wọ́n ti jí, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti jókòó ti ìwé èdè Ṣáínà. Lẹ́yìn náà, ó di orí kẹ̀kẹ́, láti ilé dé ilé. Àwọn kan á ní ọwọ́ àwọn dí. Ajá á lé wọn. Àwọn ìyá arúgbó á fún wọn ní tíì, wọ́n á sì bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n máa gbé ìyàwó. Wọn kì í dá rìn, wọn kò sì gbọdọ̀ bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí iṣẹ́ wọn yóò fi parí.

Màmá mi, tó ti di olóògbé, ló mú mi mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bàbá mi àti ìyá àgbà ń sun tùràrí fún àwọn baba ńlá wa, èmi ń gbàdúrà. A kì í jà sí i.

Báyìí ni mo ṣe ń rí An, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú oko, ẹnìkejì rẹ̀ sì máa ń dúró sáàárín wa bí òpó ilé. Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi rí. Ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ Hakka, èdè ilé wa, mò ń dá a lóhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún lójú ọ̀nà, àyà mi á já. Mo bá ọkàn mi wí, kò gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń bínú sí kàlẹ́ńdà.

Oṣù Keje tí a ń ká èso ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ìjọ dá a sílẹ̀ ní ìlú ńlá Taichung, ó sì dá wá sílé wa. Ìyá àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ bàtà kejì dà?" An rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó lè dá rìn báyìí.

Bàbá mi gbé píà tó tóbi jù lọ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Píà tiwa kì í ṣe èyí tó ní òróró nínú. Omi ló kún un, ó sì ń dún lẹ́nu bí ìrèké. An bó o, ó là á sí méjì. Lójú bàbá mi àti ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdajì fún mi.



Ní ìlú wa, tọkọtaya kì í pín píà kan jẹ, àfẹ́sọ́nà kì í pín in jẹ. Pín píà, pínyà: ní èdè wa, etí kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó ti lo ọdún méjì láàárín wa, oníkálukú sì rò pé ẹlòmíràn ti sọ fún un.

Ìyá àgbà gbá mi lọ́wọ́, píà náà já bọ́. Nígbà tó ṣàlàyé, ojú An pọ́n bí ata.

"Nílé ìyá mi," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "ẹni tí èèyàn bá fẹ́ bá dàgbà ló ń pín èso fún."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti kọ́kọ́ jáde, lórí àṣìṣe.

Bàbá mi ní kò burú, ẹni tó wá ti fọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn ohun tó wá béèrè: ìpínyà ni. Ó dìde. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gé píà fún tọkọtaya tó fẹ́ rà á láti tọ́ wò létí títì. Ṣé gbogbo wọn ló ti kọ ara wọn sílẹ̀?"

"Àwọn mìíràn nínú wọn ì bá dúpẹ́," ni ìyá àgbà wí.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó padà jókòó. "Chiaoyun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ píà. Ìyá rẹ ti lọ. Bí eléyìí bá mú ìwọ náà lọ sí ibi yìnyín, ta ló kù fún mi?"

N kò mọ̀ pé ohun tó wà níkùn rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí wọra.

An gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá, n kò wá mú un lọ. Mo fẹ́ lọ gba ìyọ̀ǹda ìyá mi, kí n sì padà wá. Ibí ni mo fẹ́ gbé, bí ẹ bá gbà fún wa."

"Kí lo máa máa ṣe níbí?"

"Ẹ ti kọ́ mi níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ tí o fi ń ba ẹ̀ka mi jẹ́?"

"Mo ba púpọ̀ jẹ́, Bàbá. Àwọn tí mo dì kẹ́yìn ti so lọ́dún yìí."

Òótọ́ ni, bàbá mi sì mọ̀. Ó ní, "Ohun tó wá láti ilẹ̀ òtútù lè mú lára igi wa, bí wọ́n bá dì í dáadáa. Oṣù Kejìlá la ń bẹ̀rẹ̀. Má pẹ́."

Láti ìgbà tí An lọ, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń jẹun, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Ìyá An sunkún lórí fóònù kí ó tó gbà. Lẹ́yìn náà ìwé ìwọ̀lú pẹ́. Oṣù Kejìlá dé, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, An kò sí níbẹ̀. Bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà ṣáá, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ní iyanrìn ló wọ bàtà òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí àkàbà náà. "O pẹ́," ló wí.

"Ọkọ̀ òfúrufú ló pẹ́, Bàbá," ni ohùn An dáhùn láti ìsàlẹ̀.

"Ìyá àgbà ti se ìrẹsì. Lọ jẹun ná."

A ṣègbéyàwó nígbà tí igi yọ òdòdó, ìyá rẹ̀ sì ti ibi yìnyín wá, síbẹ̀ òtútù mú un ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sán yẹn gan-an ni mò ń rántí. An wá sábẹ́ igi tí mo wà, ó fi èdè Hakka sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Olùfẹ́ mi, mo ti dé." Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti oṣù Keje ni mo ti fa èjìká mi le sókè nítorí àníyàn. Mo sọ ọ́ kalẹ̀.