Èémí Inú Iyọ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ìyá Oníyọ̀ ti fi ń yẹ iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wò, kò sì sí ìwà tí iyọ̀ lè hù tí kò tíì hù níṣojú rẹ̀. Nígbà tó fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó rí i pé àwọn róbótó afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá iyọ̀ tó wà lábẹ́ awò náà ń tẹ̀ lé òun, ó kọ́kọ́ rò pé awò ló dọ̀tí ni. Ó nu ún. Ó sún sí apá òsì tábìlì, wọ́n rọra yí sí apá òsì. Ó lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n bá a lọ.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí lẹ ń wá lára mi?" ló wí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀ kò wá.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kó má dà bí àlọ́. Òkun kan wà níbẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé tí ì bá fún un lórúkọ. Oòrùn lá a gbẹ, iyọ̀ ló ṣẹ́kù, ilẹ̀ bo iyọ̀ náà, ó di àpáta funfun tí wọ́n ń wà títí dòní. Ṣùgbọ́n òkun náà ò lọ tán. Ó fi ẹ̀kán omi ara rẹ̀ pamọ́ sínú iyọ̀, kékeré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú róbótó afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Omi àtijọ́ yẹn ki, ó korò, ó sì kún fún ohun kan tí wọ́n ń pè ní burómíìnì, nítorí bí iyọ̀ bá ń dì, kì í fẹ́ gbà á mọ́ra, inú omi tó kù ló ń lé e sí. Omi òjò àti omi odò ò ní in tó nǹkan. Nítorí náà, bí omi bá jò nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Oníyọ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ṣé omi àtijọ́ ni, àbí omi òkè? Omi àtijọ́ dà bí omi ìkòkò tó fọ́. Bó ti wù kó pọ̀ tó, yóò tán. Omi òkè kì í tán ní tirẹ̀, ńṣe ni yóò máa yọ́ iyọ̀ títí òrùlé yóò fi wó léni lórí.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, omi ya wọ yàrá kan nísàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì, iyọ̀ tó wó lulẹ̀ sì dí ọ̀nà mọ́ wọn. Wọ́n bu omi tó ń jò jáde wá fún un, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní omi òkè ni. Ọ̀gá ní àwọn mẹ́ta yẹn ti lọ nìyẹn, ó pàṣẹ kí wọ́n fi kankéré dí ẹnu yàrá náà kí igba òṣìṣẹ́ tó kù má bàa bá wọn rì. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Oníyọ̀ ń fara tì láti ọdún yẹn.

Àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn fẹ́ ṣí apá ibẹ̀ padà. Agbẹ́hò kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Kánjú ló lu kankéré náà já láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Òun ló gbé ọ̀pá iyọ̀ tó yọ jáde wá, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó sì mọ́ bíi dígí.

"Ẹ má tọ́ ọ wò o, Màmá," ló wí. "Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ga."

"Ahọ́n mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Níbo lo ti yọ èyí?"

"Ẹ̀yìn kankéré. Ara rẹ̀ ló dì sí." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ibẹ̀ ò kún. Mo tan iná wọ inú ihò. Omi náà ò ju orúnkún lọ."

Ó lọ, kò dúró gba ìdáhùn. 

Ìyá Oníyọ̀ yẹ omi inú iyọ̀ náà wò. Omi àtijọ́ ni, pọ́ńbélé. Ó tún un ṣe. Omi àtijọ́ náà ni. Ó wá lọ fa ìwé ọdún méje sẹ́yìn yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Omi àtijọ́ ki jù fún ẹ̀rọ tó ń ka burómíìnì. Wọ́n gbọ́dọ̀ bomi là á, ẹ̀kán kan sínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀kán omi mímọ́. Iye tí ẹ̀rọ bá wí, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn. Nínú ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti bomi là á. Iye tí ẹ̀rọ wí wà níwájú rẹ̀, ní òǹkà kékeré bíi ti omi òjò. Kò sọ ọ́ di ìlọ́po ohunkóhun.

Ó fìka tọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Yéè! Lọ́jọ́ náà, àbúrò rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn, ó fẹ́ yára kí wọ́n lè tètè yọ ọ́. Ìfẹ́ ló kó sí i lójú. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ẹni tí kò mọ̀ pé irọ́ lòun pa ló burú jù.

Ó padà sídìí ọ̀pá iyọ̀ náà. Iyọ̀ yẹn dì ní ìpele-ìpele: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu iyọ̀ nítòsí a mú ibẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, ibẹ̀ a tutù lálẹ́, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ìlà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní róbótó afẹ́fẹ́ nínú. Láti ìkẹwàá lọ, omi nìkan ni.

Ó gé díẹ̀ lára ìlà kìíní, ó sọ ọ́ sínú ife omi. Iyọ̀ tó bá há afẹ́fẹ́ mọ́nú máa ń ta pàì-pàì bó bá ń yọ́, ìyẹn ò ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n èyí ta lẹ́ẹ̀kan, èémí ènìyàn jáde, ọ̀rọ̀ sì wà nínú èémí náà.

"Ẹ má bẹ̀rù. Mo ti tọ́ ọ wò, ó korò. Àǹtí mi ló máa yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn. Ó máa mọ̀ pé omi àtijọ́ ni."

Ó gbá etí tábìlì mú. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Bó bá da ìyókù sínú bẹ́sììnì tó sì ṣí ẹ̀rọ omi, tán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, títí kan ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń pè é ní ẹni rere láti ọdún méje. Ó dúró ti bẹ́sììnì náà pẹ́. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe obìnrin náà.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó dé tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.  Ìyá Oníyọ̀ sọ ìlà kẹrin sínú omi.

"Ọjọ́ kẹrin. Omi ti dúró, mo sọ àbí mi ò sọ? Ẹ fọkàn balẹ̀. Àǹtí mi kì í ṣàṣìṣe."

Ìyàwó náà fọwọ́ bo ẹnu.  "Ọkọ mi nìyẹn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọkọ mi ni. Àǹtí, ó ń retí yín. Kí lẹ sọ fún wọn?"

Ìyá Oníyọ̀ kúnlẹ̀. Àgbàlagbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ, kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. "Mo ṣì í kà. Omi àtijọ́ ni, mo pè é ní omi òkè. Èmi ni mo pa á."

Ìyàwó náà ò ní kó dìde. Kò bú u, kò sì sunkún. Ó kàn wò ó títí, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó fúnra rẹ̀ mú ìlà kẹsàn-án, ó sọ ọ́ sínú ife.

Ohùn náà ti rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó má jáde mọ́. "Ẹ dákẹ́ ná. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Obìnrin ni... Àǹtí mi ni! Ẹ gbá ògiri, ẹ gbá a!" Iyọ̀ náà wá ń ta, pàì, pàì, pàì, kò dáwọ́ dúró títí ó fi yọ́ tán.

 Ìyàwó náà tú okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn.

"Ọjọ́ kẹsàn-án," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n mú àwa méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ dágbére. Ẹ gbé etí lé kankéré yẹn, Àǹtí. Ẹ ní ẹ ń gbọ́ nǹkan."

"Mo rántí," Ìyá Oníyọ̀ dáhùn láti ilẹ̀.

"Èmi ni mo fà yín lọ́wọ́. Èmi ni mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, pé iyọ̀ lásán ló ń ta."